Ìlà, Òbìrìkìtì Àti Òréré: Ẹ̀kọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Fún Ẹni Tó Ní Ọwọ́ Òun Kò Mọ Àwòrán Yà

Ní ojú ewé yìí, ohun tó bá ń jẹ ìdílé lọ́kàn ni a máa ń yẹ̀ wò, yálà ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni, tàbí ọ̀rọ̀ owó, tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ti ọ̀tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwòrán yíyà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí i kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ yín tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ó kan ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́, ó sì kan ẹ̀yin fúnra yín.

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àgbà àti ọmọdé: "Ọlọ́run kò fún mi ní ẹ̀bùn àwòrán." Gbólóhùn yìí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí rẹ̀ ni ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa ṣe ń sá fún Technical Drawing, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ọ̀nà tí ì bá gbà di ayàwòrán ilé tàbí ẹnjiníà. Nítorí rẹ̀ ni káfíńtà tó mọ iṣẹ́ dunjú kò ṣe lè ya bẹ́ẹ̀dì tó ní lọ́kàn fún oníbàárà rẹ̀. Ẹnu ni àwọn méjèèjì fi ń ṣe àdéhùn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, oníbàárà á ní ohun tí òun sọ kọ́ nìyí, káfíńtà á ní ohun tí òun gbọ́ nìyẹn. Pákó ti gé, owó ti wọlẹ̀, ìjà ti dé. Ìwé pélébé kan tí a ya nǹkan sí fún ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá ti pa ìjà náà tì.

Èmi kò jiyàn pé ẹ̀bùn wà. Ọmọ kan á mú ohùn orin ju òmíràn lọ, ọwọ́ ẹnìkan á sì tètè yá ju ti ẹnìkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìbéèrè yìí: ta ni nínú wa tó sọ rí pé òun kò ní ẹ̀bùn láti kọ A, B, D? Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, A tiwa wọ́, B tiwa sì tóbi ju ìwé lọ. Olùkọ́ kò sọ pé a kò lẹ́bùn. Ó ní kí a tún un kọ, a sì tún un kọ títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó kọ́ ìyẹn lè kọ́ ìlà títọ́, ó lè kọ́ òbìrìkìtì, ó sì lè kọ́ bí a ṣe ń ya ilé kí ó dúró dáadáa lórí bébà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ KAN TÓ ṢÁÁJÚ WA

Kí a tó wọ inú ẹ̀kọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan Aina Onabolu. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ ọmọ ní àwòrán bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó ni ó ń wò, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà jáde. Ní àkókò yẹn, àwọn kan nínú àwọn amúnisìn gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya ènìyàn kí àwòrán náà jọ ẹni tí a yà. Onabolu fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ṣì ń tọ́ka sí títí di òní.

Ní ọdún 1920, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ àwòrán ní ilé ẹ̀kọ́ St John's Wood. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹni nǹkan bí ọdún 38 ni. Kò sọ pé ọjọ́ ti lọ. Ó padà dé ní ọdún 1922, ó sì ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tó tẹnu mọ́ jù lọ ni ọgbọ́n tí òyìnbó ń pè ní perspective, ìyẹn ọgbọ́n tí a fi ń ya ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà sórí bébà pẹlẹbẹ, tí ojú á sì rí ìjìnnà náà. Nítorí èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Mr Perspective. Òun náà ló rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá láti Ìlú Ọba ní ọdún 1927 láti wá kún ọwọ́ ẹ̀kọ́ náà. Onabolu kú ní ọdún 1963. Bí ọmọ Nàìjíríà bá ń kọ́ àwòrán nílé ẹ̀kọ́ lónìí, ọwọ́ bàbá yìí wà níbẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, èmi yóò máa pe perspective ní ọgbọ́n òréré, nítorí pé gbogbo wa mọ ohun tí à ń pè ní òréré.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

Ẹ kò nílò owó ńlá. Ẹ wá pẹ́ńsù HB tàbí 2B kan. Lẹ́tà H ń sọ pé pẹ́ńsù náà le, B ń sọ pé ó dúdú. Bí nọ́mbà tó wà níwájú B bá ṣe pọ̀ tó ni pẹ́ńsù náà ṣe rọ̀ tó, tí ìlà rẹ̀ sì dúdú tó. Ẹ lè lo báírò pẹ̀lú. Ó tiẹ̀ dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò ṣeé pa rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò lè pa á rẹ́ á ronú kí ó tó fa ìlà. Ẹ̀yìn bébà tí a ti lò tó fún ìdánrawò. Ẹ pa rúlà àti kọ́ńpáàsì mọ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ni a fẹ́ kọ́.

Ọ̀nà tí ẹ ń gbà jókòó ṣe pàtàkì. Bí bébà bá tẹ́ lórí tábìlì, apá òkè rẹ̀ jìnnà sí ojú ju apá ìsàlẹ̀ lọ, ohun tí ẹ bá yà á sì máa gùn sókè ju bó ti yẹ lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ wá pákó pélébé kan, ẹ gbé bébà lé e, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí itan, kí ẹ sì fi òkè rẹ̀ ti etí tábìlì. Ojú á wá máa wo bébà náà gán-án.

Mo fẹ́ bá àwọn òbí sọ ọ̀rọ̀ kan níbí. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ òsì ya àwòrán. Lóòótọ́, àṣà wa kò gbà kí a fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ kọ́ ọ ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìkíni, ọ̀tọ̀ ni pẹ́ńsù. Leonardo da Vinci, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí ayé kò gbàgbé, ọlọ́wọ́ òsì ni.

ẸSẸ̀ KÌÍNÍ: ÌLÀ

Bí ẹ bá wo ìlà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fà, ẹ ó rí i pé ó ń gbọ̀n, tàbí pé ó hurun. Èyí tó ń gbọ̀n wá láti inú ìfòyà: ọwọ́ ń rọra lọ, ojú ń tẹ̀lé ẹnu pẹ́ńsù, ọpọlọ sì ń tún ọ̀nà ṣe ní gbogbo ìgbà. Àtúnṣe kéékèèké yẹn ni ó di gbígbọ̀n lórí bébà. Èyí tó hurun wá láti inú fífa ìlà kan ní ogún ègé kéékèèké, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀.

Ìwòsàn àwọn méjèèjì kò le. Ẹ fi àmì kékeré méjì sórí bébà, kí àárín wọn tó ìka ọwọ́ mẹ́rin tí a pa pọ̀. Ẹ gbé pẹ́ńsù sókè díẹ̀ lórí àmì àkọ́kọ́ láìjẹ́ kí ó kan bébà, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lọ sí àmì kejì, kí ẹ padà, kí ẹ tún lọ. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin títí ọwọ́ á fi mọ ọ̀nà náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ pẹ́ńsù kalẹ̀ kí ẹ fa ìlà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró lọ́nà. Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹnu pẹ́ńsù. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ: bí ó bá tẹjú mọ́ táyà iwájú, á ṣubú.

Apá wo ni ó yẹ kí ó máa lọ? Ọrùn ọwọ́ dára fún ìlà kúkúrú bí ti ìkọ̀wé. Bí ìlà bá gùn, ọrùn ọwọ́ á yí bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lórí àgbékọ́ rẹ̀, ìlà á sì tẹ̀ kọrọdọ. Fún ìlà gígùn, èjìká ni kí ẹ jẹ́ kí ó gbé gbogbo apá lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, á dà bí ẹni pé ẹ̀ ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín kulẹ̀.

Ìdánrawò mẹ́ta ni kí ẹ ṣe. Èkínní, èyí tí mo sọ tán yìí, kí ẹ fa 20 ìlà láàárín àmì méjì-méjì. Èkejì, ẹ fa ìlà kan, kí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tún fa á lé orí ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ. Ìdí rẹ̀ á fẹ́ tú ká bí ìgbálẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe é lọ, ìgbálẹ̀ náà á máa dín kù. Ẹ̀kẹta, ẹ fa ìlà méjì tó bá ara wọn lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ìwé àti ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ sì fi ìlà tó bá wọn dọ́gba kún àárín wọn. Ẹ fa á ní òòró, ẹ fa á ní ìbú, ẹ fa á ní ìdábùú. Bí ìlà kan bá yà bàrá, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ fa èyí tó kàn. Ìlà tó dán mọ́rán tí kò kan àmì dára ju ìlà tó kan àmì tó sì ń gbọ̀n lọ, nítorí pé ìdánilójú ọwọ́ ni ó ń kọ́kọ́ dé, ojú àmì á tẹ̀lé e.

ẸSẸ̀ KEJÌ: ÒBÌRÌKÌTÌ TÓ TẸ̀

Ẹ wo inú ilé ìdáná yín. Ìkòkò, ife, abọ́, garawa, odó, ẹnu gbogbo wọn ló rí roboto. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ yà wọ́n, tí ẹ sì ya ẹnu wọn roboto bí owó ẹyọ, ohun tí ẹ yà kò ní jọ ohun tí ẹ rí. Kí ló dé?

Ẹ bu omi sínú ife kan títí á fi kún dé ìdajì. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ dúró lé e lórí, kí ẹ wò ó láti òkè: ẹnu rẹ̀ roboto ní tòótọ́. Ẹ wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ sí iwájú yín. Ẹ ó rí i pé ẹnu náà ń tẹ̀ sí i. Nígbà tí ó bá dé ọ̀kánkán ojú yín gan-an, ẹnu ife á di ìlà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sì gbé e kọjá ojú lọ sókè, ìdí rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Ìbú rẹ̀ kò dín kù ní gbogbo àkókò yìí. Gíga rẹ̀ ló ń yí padà. Òbìrìkìtì tó tẹ̀ báyìí ni àwọn olùkọ́ ń pè ní ellipse.

Láti inú ìdánwò ife yìí ni òfin kan ti jáde tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ife bá wà nísàlẹ̀ ojú yín, ìdí rẹ̀ jìnnà sí ọ̀kánkán ojú ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìlà ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọrọdọ ju ti ẹnu lọ. Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ni pé á ya ẹnu ife dáadáa, á sì fa ìlà gbọọrọ sí ìdí rẹ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé tábìlì tẹ́jú. Ohun tó mọ̀ ni ó yà, kò ya ohun tó rí. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni òpómúléró gbogbo ẹ̀kọ́ àwòrán.

Báwo ni a ṣe ń ya ellipse? Ẹ fa ìlà gígùn kan ní ìbú àti kúkúrú kan ní òòró, kí wọ́n gé ara wọn ní àárín gbùngbùn. Ẹ gbé ọwọ́ yípo lókè bébà bí ẹ ti ṣe fún ìlà, kí ẹ wá sọ pẹ́ńsù kalẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ti ń yí, kí ẹ sì yí i ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e kúrò. Èjìká ni kí ó máa yí. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìlà méjèèjì bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ṣé ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba? Ṣé ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì rọra yí, àbí ó ṣónṣó? Ellipse kì í ní ẹnu ṣónṣó bí ẹja, kì í sì í fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ bí ẹyin adìyẹ.

Òfin kejì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ ya ohun tó dùbúlẹ̀, bí dúróòmù epo tó yí sílẹ̀, tàbí táyà ọkọ̀. Ẹ fojú inú wo ọ̀pá kan tó gba àárín dúróòmù náà já, bí ọ̀pá tó so táyà méjì pọ̀. Ìlà kúkúrú inú ellipse gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá náà lọ ní ojú ọ̀nà kan náà, kí ìlà gígùn sì dábùú rẹ̀ gán-án. Bí dúróòmù bá dúró, ọ̀pá náà dúró, ìlà gígùn sì tẹ́. Bí dúróòmù bá dagun, ellipse náà á dagun tẹ̀lé e. Ẹni tó bá mọ òfin yìí kò ní ya ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ dà bí ẹni fẹ́ yọ sọnù.

Fún ìdánrawò, ẹ fa ìlà méjì tó bá ara wọn lọ bí etí ọ̀nà, kí ẹ sì fi ellipse kún àárín wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kan òkè, kí ó kan ìsàlẹ̀, kí ó sì kan ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ ya 30 lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dára, ìyẹn kò burú.

ẸSẸ̀ KẸTA: ỌGBỌ́N ÒRÉRÉ

Ẹ dúró sí àárín ojú irin rélùwéè tí ọkọ̀ kò gbà mọ́, kí ẹ wo ọ̀ọ́kán. Irin méjì náà kò súnmọ́ ara wọn rárá. Bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn, ọkọ̀ ì bá ti ṣubú. Ṣùgbọ́n ní ojú yín, wọ́n ń súnmọ́ra títí wọ́n fi pàdé ní ojú kan ní òpin òréré. Ojú yẹn ni à ń pè ní ibi ìpòórá. Ìlà tó tẹ́ lọ ní ìbú tó gba ibẹ̀ kọjá ni ìlà ojú, nítorí pé ó wà ní ọ̀kánkán ojú yín gan-an. Bí ẹ bá jókòó sórí ẹní, ìlà náà á bá yín wálẹ̀. Bí ẹ bá gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á bá yín gòkè.

Kì í ṣe ọgbọ́n tí ènìyàn bí mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ayàwòrán fi yà láìní òfin rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni Filippo Brunelleschi fi hàn pé òfin wà fún un, Leon Battista Alberti sì kọ òfin náà sínú ìwé ní ọdún 1435. Bí àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà bá ní láti jókòó kọ́ ọ, ta wá ni wá tí a ó fi máa tijú láti kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé onírúmù ojúkojú tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà láàárín rẹ̀. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fa ìlà ojú sórí bébà, kí ẹ fi àmì ibi ìpòórá sí àárín rẹ̀. Ẹ ya onígun mẹ́rin kékeré kan yí àmì náà ká. Ògiri òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Láti ibi ìpòórá, ẹ fa ìlà kan gba igun kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kọjá dé etí bébà. Ẹ wò ó: ilẹ̀, àjà, àti ògiri méjèèjì ti jáde. Òkè ilẹ̀kùn gbogbo rúmù àti ìsàlẹ̀ fèrèsé wọn, ibi ìpòórá kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ohun tó wà lókè ojú yín á máa sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ojú á máa gòkè lọ síbẹ̀. Ìlà òòró kò ní yà síbì kankan, gán-án ni yóò dúró.

Bí ó bá jẹ́ pé igun ilé ni ó kọjú sí yín, ibi ìpòórá á di méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, àwọn méjèèjì lórí ìlà ojú kan náà. Ẹ fa ìlà òòró kan fún igun ilé, kí ẹ wá fa ìlà láti òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀tún àti sí òsì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a máa ń fi ibi ìpòórá méjèèjì súnmọ́ra jù, ilé náà á wá dà bí ohun tí wọ́n fún mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, kódà kí wọ́n jáde kúrò lórí bébà, kí ẹ sì fi àmì wọn sórí tábìlì.

Ọgbọ́n mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kún un fún yín. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ àárín ògiri tó ń sá lọ sí òréré, ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ fa ìlà láti igun sí igun lọ́nà méjì. Ibi tí wọ́n ti gé ara wọn ni àárín. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ibi tí ṣóńṣó òrùlé yóò wà, tí ilẹ̀kùn àárín yóò sì wà.

Ìkejì, òpó iná ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ ti ya òpó méjì, ẹ fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀kẹta yóò wà. Ẹ fa ìlà tó kan orí wọn lọ sí ibi ìpòórá, àti ìlà tó kan ẹsẹ̀ wọn. Ẹ wá àárín òpó kejì. Láti orí òpó kìíní, ẹ fa ìlà gba àárín òpó kejì náà kọjá títí yóò fi kan ìlà ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni òpó kẹta yóò dúró. Báyìí ni ẹ ó ṣe máa bá a lọ, ẹ ó sì rí i pé àwọn òpó náà ń súnmọ́ra bí wọ́n ṣe ń jìnnà, gẹ́lẹ́ bí ojú ṣe ń rí wọn.

Ìkẹta, ènìyàn. Bí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láàárín ọjà, ojú gbogbo ẹni tó ga tó yín, yálà ó wà nítòsí tàbí ó jìnnà, orí ìlà ojú kan náà ni yóò wà. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni yóò máa gòkè bí wọ́n ṣe ń jìnnà. Ẹ lọ wò ó ní ọjà tó kù yìí. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí èrò inú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń fò lófuurufú, àìmọ òfin yìí ló fà á.

BÍ Ẹ Ó ṢE PÍN ÀKÓKÒ

Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ tó. Ó sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí pé ọwọ́ ń gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìlà nìkan ni kí ẹ fà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún fa ìlà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ya ellipse. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àpótí onígun mẹ́rin, àpótí púpọ̀, lókè ìlà ojú àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹ gbé ife kan àti páálí ṣúgà kan sórí tábìlì, kí ẹ yà wọ́n bí ẹ ṣe rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí apá kan nínú àkókò náà wà fún ìgbádùn. Bí ọmọ bá fẹ́ ya bọ́ọ̀lù, tàbí ọkọ̀ òfuurufú, tàbí ewúrẹ́ àdúgbò, kí ó yà á. Ìdánrawò láìsí ìgbádùn a máa sú ènìyàn. Ìgbádùn láìsí ìdánrawò kò sì ní jẹ́ kí ọwọ́ ní ìlọsíwájú.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ GBỌ́ O

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi ẹgba lé ọmọ kúrò nídìí àwòrán. A bá àwòrán nínú ìwé ìṣirò, inú wa ru, a ní ọmọ náà ń fi àkókò ṣòfò. Lóòótọ́, ìwé ìṣirò kọ́ ni ibi tó yẹ kí ó yà á sí. Ẹ bá a wí lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ẹ tún fún un ní ìwé mìíràn tí yóò máa yà á sí. Bí ọmọ bá ya ìyá rẹ̀ tí orí sì tóbi ju ara lọ, ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú àlejò. Ẹ̀rín yẹn nìkan ti tó láti mú kí ọmọ pa pẹ́ńsù tì fún ogójì ọdún. Ẹ bi í pé, "Kí lo rí nígbà tí o ń yà á?" Ìbéèrè yìí á rán an padà lọ wo nǹkan dáadáa, ojú tó ń wo nǹkan dáadáa sì wúlò fún dókítà, fún télọ̀, fún wẹ́dà àti fún bíríkìlà.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá kọ́ èyí ni yóò di Onabolu. Kò pọn dandan. Bí ẹnìkan bá tipasẹ̀ rẹ̀ yege nínú Technical Drawing, tí ẹlòmíràn sì tipasẹ̀ rẹ̀ fi àpótí aṣọ tó fẹ́ kàn han oníbàárà kí ó tó gé pákó, a ti jèrè.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ mú bébà kan, kí tòbí tọmọ fa ogún ìlà-ìlà sí i. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí kò ní ya. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún fa ogún mìíràn, kí ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bébà méjèèjì á fi ìyàtọ̀ náà hàn yín.